Èríà pàjáwìrì fún ham rédíò: ṣé wáyà iná ilé lásán tó?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí. Mọníyà n'Íbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní wọkí-tọkí wáàtì 5 kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí bánǹdì 2 mítà, ẹ̀gbọ́n mi tó lọ sókè òkun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rédíò HF rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí àwọn ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ fún ìfẹ́ rẹ̀ láìṣe fún owó, fi ń bá ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń wá ni èríà tí mo lè ta sókè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ tí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà sì kú. Iye tí wọ́n ń pe èyí tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ju owó oṣù mi lọ. Àmọ́ wáyà tí oníná fi ṣe iná ilé wa ṣẹ́ kù, ó tó ìdajì róòlù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má tan ara mi, pé wáyà ilé ò lè gbé ohùn dé Ṣáńgó, ká má tíì sọ Èkó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni kí n ṣe gé e, báwo ló sì ṣe yẹ kó ga tó?

* * *

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ṣì ọ́ lọ́nà. Ìgbì rédíò kì í béèrè iye tí o ra wáyà. Bàbà ni bàbà ń jẹ́. Ohun tó ń mú ìyàtọ̀ wá ni bó ṣe gùn tó àti ibi tí o ta á sí. Wáyà 1.5 tí àwọn oníná fi ń ṣe iná ilé ni mo fi ṣe èríà tí mo ń lò báyìí, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé lórí ọparun.

Dáípóòlù ni kí o ṣe. Wáyà méjì tó gùn bákan náà, ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, ọ̀kan lọ sápá òsì, ẹnu kébù sì wà láàárín wọn: wáyà àárín kébù mú apá kan, àwọ̀n tó yí i ká mú apá kejì. Láti mọ bí yóò ṣe gùn tó, mú 142.5, fi iye MHz tí o fẹ́, ìyẹn nọ́mbà tí o máa yí rédíò sí, pín in, ohun tó bá jáde ni gígùn àpapọ̀ ní mítà. 7.110 MHz ni mo fẹ́ kí o dojú kọ, nítorí òun ni àwọn ẹgbẹ́ ham ní agbègbè tiwa, tó kó Áfíríkà àti Yúróòpù pọ̀, yàn fún ìpàdé pàjáwìrì lórí bánǹdì 40 mítà. Fi 7.11 pín 142.5, ó di 20.04. Apá kọ̀ọ̀kan á wá jẹ́ mítà 10 àti díẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á rí 20, wọ́n á sì gé apá kọ̀ọ̀kan ní 20. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má sọ wáyà náà nù: mítà 40 lápapọ̀ ti di dáípóòlù fún nǹkan bí 3.56 MHz, ìyẹn bánǹdì 80 mítà, yóò sì wúlò lóru. Bí o bá tún rí 468 nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà níbi tí èmi ti kọ 142.5, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn tiwọn. Bánǹdì 40 mítà tiwọn pàápàá dé 7.300, tiwa parí sí 7.200, má tẹ̀lé wọn kọjá ibẹ̀.

Ìṣirò tí mo fún ọ yìí, ti wáyà tó wà ní ìhòòhò ni. Ike tó bo wáyà ilé máa ń dín eré ìgbì kù, wáyà náà á wá máa hùwà bí ẹni pé ó gùn ju bó ṣe rí lọ, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Nítorí náà apá kọ̀ọ̀kan yóò parí sí ìtòsí mítà 9.7. Síbẹ̀, 10.3 ni kí o kọ́kọ́ gé. Èyí tó gùn jù ṣeé ká, èyí tó kúrú jù á di pé kí o máa so àjákù mọ́ ọn.

Má so ìparí wáyà mọ́ igi tààrà. Gé ara kẹ́ẹ̀gì epo ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, lu ihò méjì sí i. Wáyà gba inú ọ̀kan, okùn ọ̀rá gba inú èkejì. Irú ike kan náà ni kí o lò láàárín, kí o sì so ara kébù mọ́ ike náà dáadáa, kí ìwúwo kébù má bàa máa fa ojú ibi tí o fi lẹ́ẹ̀dì jó. Mo ti rí èríà mẹ́ta tó kú, ibi yẹn ni gbogbo wọn ti já.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé ta ló tún nílò wàhálà yìí nígbà tí SIM méjì, mẹ́ta wà nínú fóònù olúkúlùkù. Ọ̀pọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú wọn.

Mo wà n'Íbàdàn lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011. Òjò ọjọ́ náà kò dá bọ̀rọ̀. Odò kún, afárá já, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá omi náà lọ. Àwọn tó rí omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 ń sọ pé àwọn ò rò pé ojú àwọn máa tún rí irú rẹ̀. Ládùúgbò tiwa, fóònù ń dún títí di òru, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Bátìrì àti dísẹ́ẹ̀lì ni òpó fóònù ń jẹ nígbà tí iná bá lọ. Bí afárá bá já, ọkọ̀ tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì ò ní dé ìdí òpó. Ìyá mi wà ní òdìkejì odò. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní fi gbogbo ọ̀rọ̀ ilé mi sọ́wọ́ fóònù nìkan mọ́.

Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn kébù abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Togo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n SIM mẹ́ta tó ń gba ọ̀nà kan náà kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ní Puerto Rico, oṣù kẹsàn-án 2017, ìjì Maria pa ju ìdá 90 nínú 100 òpó fóònù erékùṣù náà. Red Cross ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn ham ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá àwọn onírédíò 50 fún àwọn; àwọn tó lọ lé ní 20. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ lọ ni pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn tó yè ránṣẹ́, kí ará ilé wọn lè mọ̀ pé wọ́n wà láàyè. Ẹni tó bá ti dúró de irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ò ní béèrè pé kí la fẹ́ fi rédíò ṣe.

* * *

Ọ̀rọ̀ gíga ló dá awuyewuye sílẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ sọ pé èríà HF tí kò bá ga tó mítà 15, okùn ìsáṣọ ni. Ọ̀pọ̀ ló tì í lẹ́yìn. Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, òótọ́ lẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ bá Jámánì tàbí Brazil sọ̀rọ̀. Àbúrò yìí ò wá Brazil. Ó fẹ́ kí Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Èkó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí dáípóòlù bá rẹlẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á ta ìgbì padà sókè, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ á wá lọ tààrà sójú ọ̀run. Ionosphere, ìpele òfuurufú tí oòrùn sọ di oníná lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí 300 kìlómítà, á dá a padà wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da omi láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ó máa ń fọ́n ká yíká ibi tó bọ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá wà láàárín 300 kìlómítà sí ọ, yálà òkè wà láàárín yín tàbí kò sí, yóò gbọ́ ọ. NVIS ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí èríà náà bá ga tó ìdajì gígùn ìgbì rẹ̀, tí í ṣe mítà 21 lórí 7 MHz, ohun tó ń lọ tààrà sókè á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, agbára rẹ̀ á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Yóò fo Òṣogbo dá.

Ojú mi ló ṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo gba àṣẹ, dáípóòlù 14 MHz ni mo kọ́kọ́ ta, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mítà 10 sílẹ̀. Inú mi dùn, mò ń bá àwọn ará Ítálì sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Óṣogbo, tí mi ò ní fi ọkọ̀ rìn ju wákàtí méjì kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò gbọ́ ìró mi fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo ta wáyà 7 MHz sí ìwọ̀n mítà 5, láàárín igi máńgòrò méjì, ó ní ohùn mi ń dún nínú yàrá òun bí ẹni pé mo jókòó síbẹ̀.

Mítà 5 sí 10 ló dára fún iṣẹ́ yìí lórí 7 MHz. Mi ò sọ pé kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀ o. Bó bá rẹlẹ̀ ju mítà 3 lọ, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ agbára rẹ̀. Bí o bá sì lè gbé e dé 8 dípò 5, gbé e.

Àwa tí a wà níhìn-ín tún ní àǹfààní kan. A ò jìnnà sí ìlà tó dá ayé sí méjì ní ti òòfà ilẹ̀, oòrùn wa sì mú, ionosphere tó wà lórí wa nípọn. Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó tó ń wọ̀n ọ́n nígbà ọdún ìwádìí àgbáyé 1957 sí 1958. Nítorí náà, 7 MHz tí kì í fi ìgbà gbogbo padà wálẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù nígbà òtútù máa ń padà wálẹ̀ fún wa lọ́sàn-án. Ní ọ̀sán gangan, ohùn á rẹlẹ̀ díẹ̀. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló já geere jù. Tí oòrùn bá wọ̀ tán, o lè gbọ́ kí ohùn máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí òtútù mú. Rédíò rẹ kọ́ ló bàjẹ́, òkè ló ń dàrú, ṣe sùúrù kí o sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, 7 MHz lè pa mọ́ ọ lẹ́nu pátápátá. Ibẹ̀ ni wáyà mítà 40 ti bánǹdì 80 mítà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti ń wúlò, àmọ́ láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ariwo ààrá lórí 80 mítà lágbára gan-an.

Ọparun kan ṣoṣo tó. Gbé àárín èríà sí mítà 6 tàbí 7, fa apá méjèèjì wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí òrùlé ilé, kí ìparí wọn wà ní mítà 2 àbọ̀, kí ọmọdé má lè fọwọ́ kàn án. Ìparí wáyà ni iná ti lágbára jù nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀. Wáàtì 100 á jó èèyàn lára níbẹ̀. Má jẹ́ kí apá méjèèjì sún mọ́ra ju bí igun ojú ilé lọ, ìyẹn díìgírì 90. Títa báyìí tún ń mú kí dáípóòlù, tí ìtakò rẹ̀ sí iná rédíò jẹ́ Ohm 73 bó bá wà ní òfuurufú gbalasa, sún mọ́ 50 tí rédíò ń fẹ́.

* * *

Ti wọkí-tọkí rẹ. Àwọn kan ní ọ̀pá rọ́bà tó bá a wá ti tó. Ó tó láti bá ẹni tó wà lójú títì sọ̀rọ̀.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, gé wáyà ní 49 sẹ̀ǹtímítà, bó orí rẹ̀, so ó mọ́ òrùka irin tó wà nídìí èríà rọ́bà náà, ní ẹ̀gbẹ́ ìta, kí ìyókù máa fì sílẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà yẹn ń ṣe bí ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan. Wáyà yìí ni ẹsẹ̀ kejì rẹ̀. Gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ òní, ní kí ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ sọ ohun tó gbọ́ kí o tó so ó àti lẹ́yìn tí o so ó.

Lẹ́yìn náà, ṣe èyí tó dúró. Ra ẹnu ìsopọ̀ kébù kan tí wọ́n ń pè ní SO-239, irú èyí tó ní ihò ìdè mẹ́rin. Wáyà bàbà líle 49 sẹ̀ǹtímítà ni kí o fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ àárín rẹ̀, kó nàró. Mẹ́rin mìíràn tó jẹ́ 51 sẹ̀ǹtímítà ni kí o dè mọ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ ní ìdajì igun ojú ilé, bí ìgbà tí agboòrùn bá ṣí díẹ̀. Fi páìpù PVC gbé e ró, kí kébù gba inú rẹ̀. Irin hángà aṣọ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán, torí lẹ́ẹ̀dì kì í di irin tó ní ọ̀dà mú. Tèmi gba wákàtí kan àti ààbọ̀, títí kan ìgbà tí mo ń wá irin lẹ́ẹ̀dì.

Níbí, gíga lọba, ọ̀gá mi tó ń sọ mítà 15 jàre lórí èyí. 2 mítà kì í lọ sọ́run padà wálẹ̀, ojú sí ojú ni. Èríà tó ga ní mítà 1 àbọ̀, bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, kò ríran ju 5 kìlómítà lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bó bá wà ní mítà 9, ó ríran dé 12. Ẹni méjì tí tiwọn wà ní mítà 9, bíi 25 kìlómítà wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ò tẹ́jú. Nítorí náà, ẹ mọ ẹni tó ń gbé lókè. Ẹni tó bá wà ní Òkè Àrẹ̀, níbi tí ilé ìṣọ́ Láyípo wà, lè gbọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò gbọ́ ara wọn, kó sì máa bá wọn gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ bá a ṣe àdéhùn báyìí, kí ó tó di pé ẹ nílò rẹ̀.

* * *

Kébù. Mo mọ̀ pé ìjà máa dé.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé kébù sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n, RG-6, á ba rédíò jẹ́ torí pé Ohm 75 ni, pé kébù rédíò RG-58 tó jẹ́ Ohm 50 nìkan ló bójú mu. Mo gba èyí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ná owó lé e. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyàtọ̀ 75 sí 50 ń fúnni ní SWR 1.5 (SWR ni òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bí agbára tó ń padà sẹ́yìn ṣe pọ̀ tó, 1 ló dára jù), ìyẹn ni pé nínú wáàtì 100, mẹ́rin péré ló padà. Kò sí rédíò tí ìyẹn ń pa. Lórí 145 MHz, mítà 20 RG-58 á jẹ ju ìdajì agbára rẹ lọ: wáàtì 5 tó kúrò lọ́wọ́ rẹ á dé òkè ní bíi 2. RG-6 tó dára, gígùn kan náà, á jẹ́ kí ó lé ní 3 dé òkè. Èyí tí wọ́n ní kò bójú mu ló gbé ẹrù dé.

Ṣùgbọ́n ọjà wa kún fún ayédèrú. Mú òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ lọ sọ́jà. Bí wáyà àárín kébù bá lẹ̀ mọ́ òòfà, irin ni wọ́n fi bàbà kùn. Ó ṣì lè ṣe é fún 145, torí ara bàbà lókè ni ìgbì náà ń rìn. Lórí 7 MHz, ìgbì ń wọlé jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin náà á máa jẹ ẹ́. Wo àwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, lẹ́ẹ̀dì ò ní dì í mú, àfi kí o fi nọ́ọ̀tì àti bóòtù dì í.

Lórí 7 MHz, mítà 20 RG-58 kò jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o lò.

Nísàlẹ̀ ibi tí kébù ti pàdé wáyà, yí kébù náà ní ìyí mẹ́jọ sí mẹ́wàá mọ́ páìpù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, kí o dì í. Èyí kì í jẹ́ kí ara kébù di èríà fúnra rẹ̀, kó máa kó ariwo ilé wá. Ojú ìsopọ̀ gbogbo, lọ bá fọ́kánáísà, gba túùbù tó ti ya, gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, fà á le kí o sì fi wé e. Omi òjò ń pa kébù ju oòrùn lọ.

* * *

Sí ẹni tó ní kó kàn ra túnà: túnà, ẹ̀rọ tó ń làjà láàárín rédíò àti èríà, ń tu rédíò nínú ni, kì í sọ wáyà kúkúrú di gígùn. Bó bá wà, mú un lọ. Má fi rọ́pò gígé wáyà bó ṣe tọ́.

* * *

Ẹni méjì béèrè ọ̀rọ̀ àṣẹ ìjọba.  Láti sọ̀rọ̀ lórí rédíò, o nílò àṣẹ àti orúkọ ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Gbà á nísinsìnyí tí ara rọ̀. Ẹni tí kò bá tíì sọ̀rọ̀ rí kì í mọ bí a ṣe ń dúró kí ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ ni yóò sì di lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbà láìjiyàn. Má ṣe ju okùn tàbí wáyà gba orí wáyà NEPA kọjá, má sì ta èríà síbi tó jẹ́ pé bó bá já, yóò kan án. Kó tó di pé o nà ọparun sókè, wo òkè lẹ́ẹ̀mejì. Lójú òjò àti òkùnkùn, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gbàgbé. Bí ààrá bá ń kù bọ̀, yọ kébù lẹ́yìn rédíò, gbé ẹnu rẹ̀ síta fèrèsé.

Bí ariwo bá pọ̀, pa ínfátà, pa ohun tó ń gba iná sólà wọ bátìrì, pa gílóòbù LED ọ̀kọ̀ọ̀kan, o máa rí èyí tó ń ké. Fi bátìrì ọkọ̀ lásán gbé rédíò, kí o dín agbára sí wáàtì 20. Ẹni tó gbọ́ 100 á gbọ́ 20, bátìrì rẹ á sì dúró pẹ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wé wáyà náà mọ́ pátákó bí ẹni ń kọ nọ́mbà 8, kó má bàa lọ́ mọ́ra. Ta á lójú ọ̀sán, tú u, tún un ta lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ gbà mí ní ìṣẹ́jú 50. Ìgbà kẹrin, 12.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ PADÀ WÁ

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Mo ti ta á. Mo gé apá kọ̀ọ̀kan ní 10.3 bí ẹ ṣe wí, àárín wà ní mítà 6 lórí ọparun, mo sì yá ẹ̀rọ tó ń wọn SWR. Ibi tó ti lọ sílẹ̀ jù ni 6.71 MHz. Lórí 7.110, SWR rẹ̀ ga gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé mo ti rí i báyìí. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

* * *

O ò ba nǹkankan jẹ́, bó ṣe yẹ kó rí gan-an ló rí. 6.71 lọ sílẹ̀ ju 7.11 lọ pẹ̀lú 400 kHz (ìyẹn 0.40 MHz), ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wáyà ṣì gùn jù: ike ara rẹ̀ ni, àti 10.3 tí mo ní kí o gé. Sẹ̀ǹtímítà 10 tí a bá yọ lápá kọ̀ọ̀kan ń gbé e sókè ní nǹkan bí 70 kHz. Nítorí náà, bíi 58 sẹ̀ǹtímítà ni kí o mú kúrò lápá ọ̀tún, 58 lápá òsì.

Má gé e. Ká a padà sára wáyà, lọ́ ọ mọ́ ọn dáadáa kó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí o fi okùn dì í. Wáyà tó ní ike ò dàbí èyí tí a gé pátápátá, ó lè jẹ́ pé wàá ká díẹ̀ sí i kí ó tó bọ́ sí 7.110. Ká apá méjèèjì bákan náà, wọ̀n ọ́n, tún un ká. Nígbà tó bá dúró síbi tó yẹ, fi témpù pupa sàmì sí ojú ibi tí o ká dé.

Sátidé, aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, mo máa wà lórí 7.120, ká fi 7.110 sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n yàn án fún. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ wá jókòó tì ọ́. Ẹni mi tó wà l'Óṣogbo yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo ti sọ fún un.